"Omi Ló Dànù, Agbè Kò Fọ́": Ọpẹ́ àti Ìfaradà nínú Ọ̀rọ̀ Ìtùnú Yorùbá

Láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń tu ara wọn nínú, díẹ̀ ni ó kúrú bí "Omi ló dànù, agbè kò fọ́" tí ó sì jinlẹ̀ tó o. Obìnrin tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú, tàbí tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ni a sábà ń sọ ọ́ fún. Omi ni ọmọ tí ó lọ. Agbè ni ìyá tí ó kù. Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí ènìyàn máa dúpẹ́ ní ipòkípò tí ó bá wà. Ìtumọ̀ yìí kò ṣàìní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó gbé. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní yóò rí i pé ọpẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ọpẹ́ tí ń bo àdánù mọ́lẹ̀. Àdánù ni ó kọ́kọ́ gbà, kí ó tó ka ohun tí ó ṣẹ́ kù.

Ìhun Ọ̀rọ̀ Náà

Gbólóhùn méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní jẹ́ gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Èkejì jẹ́ ti ìyísódì. Bí a bá ní "Omi dànù," ìròyìn lásán ni. Ṣùgbọ́n "Omi ló dànù" ti ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn tí ì bá bàjẹ́. Etí olùgbọ́ sì ti ń retí ohun mìíràn náà kí a tó dárúkọ rẹ̀. Ohùn pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ó wà nínú "dànù," ohùn òkè sì ni ó parí "fọ́." Bí a bá yí ètò yìí padà, tí a ní "Agbè kò fọ́, omi ló dànù," ìtùnú yóò di ìdárò, nítorí orí àdánù ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí.

Àwòrán Inú Rẹ̀

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni a lò, ó sì bá ìgbésí ayé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá ti pọn omi láti odò jíjìn rí mọ̀ pé omi tí ó dànù kì í ṣe ohun kékeré. Ìrìn òwúrọ̀ kan ni ó ṣòfò. Agbè náà kì í ṣe ohun tí a ń ṣà lójú ọ̀nà. A ó gbìn ín, a ó dúró kí ó gbó, a ó ha inú rẹ̀ kúrò, a ó sì sá a gbẹ. Nítorí náà, òwe yìí kò fi ohun tí kò níye lórí wé ohun tí ó níye lórí. Ohun iyebíye méjì ni ó gbé kalẹ̀. Ó ní ọ̀kan ti lọ, ó ní èkejì wà.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi wé òwe mìíràn tí ó ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yẹn sọ àdánù di èrè. Ó tọ́ sí ọba, nítorí ọba ní ìlú tí yóò bá a tún ààfin kọ́. Ta ni yóò sọ irú rẹ̀ fún ìyá tí ọmọ kú fún? Òwe agbè kò pe àdánù ní èrè rárá.

Ẹni tí Ó Ń Sọ Ọ́

Ní 1964, E. Ojo Arewa àti Alan Dundes fi àwọn òwe Yorùbá ṣàlàyé pé kò tó kí a mọ òwe àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ń pa á, ẹni tí a ń pa á fún, àti ìgbà tí a ń pa á. Isaac Delano náà, nínú Òwe l'Ẹṣin Ọ̀rọ̀ tí ó jáde ní 1966, kò ya ìtumọ̀ òwe kúrò lára ìlò rẹ̀. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé olùtùnú kì í fi í ṣe àkọ́sọ. Yóò kọ́kọ́ jókòó, yóò kí i pé "Ẹ kú ìrọ́jú." Kíkí yìí kò ní kí ẹlẹ́kún má sunkún, wàhálà ìfaradà rẹ̀ ni ó ń kí. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ agbè tó dé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyá bá ọmọ lọ, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún ọkọ, nítorí agbè ti fọ́. Ọpẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ kò sí nínú òwe yìí.

Àwọn orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọ̀fọ̀ ń tọ ọ̀nà kan náà. Ẹkúndayọ̀ kò fi ẹkún pamọ́ kí ayọ̀ tó wọlé. Rẹ̀mílẹ́kún jẹ́wọ́ pé ẹkún ń bẹ.

Àríwísí

Àwọn kan lè sọ pé òwe yìí sọ obìnrin di ohun èlò tí a fi ń gbé omi. Àríwísí yìí kò ṣeé gbá dànù, pàápàá bí a bá ń lò ó láti fi kán obìnrin lójú pé kí ó tètè lóyún mìíràn. Ṣùgbọ́n inú òwe kọ́ ni ìkánjú náà ti wá. Kò sí ibi tí ó ti ní a ó tún pọn omi mìíràn. Àwa olùtùnú ni a máa ń fi ìyẹn kún un gẹ́gẹ́ bí àdúrà. Òwe fúnra rẹ̀ dákẹ́ nípa ọ̀la. Nínú ilé tí gbogbo ojú ti ń wọ̀nà fún ọmọ, ẹ̀mí ìyá ni ó ní kí a kọ́kọ́ dúpẹ́ lé lórí.

Ìlò rẹ̀ ti gbòòrò. A ń sọ ọ́ fún oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ jóná, àti fún ẹni tí ó yọ nínú jàǹbá ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ bàjẹ́. Ìlànà kan náà ni ó ń tẹ̀lé: a ó sọ ohun tí ó lọ, a ó sì sọ ohun tí ó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi nípa rẹ̀ nínú ìdánwò kò gbọdọ̀ dúró sórí "kí a máa dúpẹ́." Kí ó sọ ẹni tí a ń sọ ọ́ fún, kí ó ṣàlàyé àwòrán méjèèjì, kí ó sì fi hàn pé gbólóhùn èkejì kò ní agbára láìsí èkíní. Olùkọ́ tí ó bá sì fi ìdajì rẹ̀ kọ́ ọmọ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń pa ẹlẹ́kún lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a kò jẹ́ kí ó sọ pé omi dànù kò lè fi tọkàntọkàn dúpẹ́ pé agbè kò fọ́.