Ọ̀kọrin Láìsí Agọ̀: Èébú Lórí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn atọ́kùn ètò rédíò ẹlẹ́nu mímú ló gbà pé èébú gan-an ló ń dá awuyewuye sílẹ̀. Èrò yìí kò tẹ̀wọ̀n tó lójú tiwa. Bí ó bá jẹ́ èébú nìkan ni, ọdún Òkè'Bàdàn ìbá ti tú Ìbàdàn ká tipẹ́. Lọ́jọ́ ọdún náà, tọmọdé tàgbà ní í máa forin dárúkọ ojú ara ní gbangba, tí wọn a sì fi bú ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ẹni tí a bú kì í bínú. Láàrin àwọn Kétu, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́fẹ̀ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tilẹ̀ le ju èyí lọ, nítorí ìwà ẹni kan pàtó ló lè tú síta. Ọba kì í mú ọ̀kọrin, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí i pé ìyọ̀ǹda yìí ní ọjọ́, ó ní agbo, ẹlẹ́fẹ̀ sì wọ agọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, agbára rẹ̀ tán.

Olóògbé Gbénga Adébóyè, tó kú ní 2003, mọ ọgbọ́n yìí. Alhaji, Pásítọ̀ àti Olúwo ló so pọ̀ di orúkọ kan fún ara rẹ̀; bí ó bá fi ẹ̀sìn kan ṣẹ̀fẹ̀, inú ẹ̀sìn náà ló dúró sí. Òun nìkan a sì máa fọ ohùn ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ìtàn. Agọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ti Ahmed Isah, atọ́kùn ètò Brekete Family ní Àbújá, yàtọ̀. Ó ń pe ara rẹ̀ ní Ordinary President, ṣùgbọ́n oyè yìí kì í ṣe agọ̀: ẹjọ́ gidi ló fi ń dá. Àwọn tí ọlọ́pàá àti kóòtù ti sú ló ń gbé ẹjọ́ wá, a kò sì lè fi ojú yẹpẹrẹ wo ìrètí wọn. Ní oṣù Karùn-ún 2021, fíìmù ìwádìí BBC fi ibi tó ti gbá obìnrin kan létí hàn, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó dáná sun orí ọmọ ẹbí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Isah tọrọ àforíjì; àjọ NBC dá ìwé-àṣẹ rédíò náà dúró fún ọjọ́ 30. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùgbọ́ gbè é lẹ́yìn. Lójú wọn, adájọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ ni. Lójú àwọn tó bú u, ọ̀kọrin kan ló sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ kòbákùngbé.

Láti ìgbà àpótí rediffusion, tó dé Èkó ní 1935, ni a ti mọ irú ẹ̀rọ yìí sí asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn kan yóò ní tẹlifóònù ti sọ orúkọ náà di irọ́, níwọ̀n bí olùgbọ́ ti lè pè wọlé báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìka atọ́kùn ló wà lórí bọ́tìnnì tó ń pa ohùn ẹni tó pè.