Ta Ni Ó Ń Yan Iṣẹ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́? Àyẹ̀wò Ipò Yorùbá ní Sẹ́kọ́ńdìrì Àgbà

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ Yorùbá ti ń ráhùn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún iṣẹ́ wa bí wọ́n bá ti wọ ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Àlàyé tí a sábà máa ń ṣe ni pé èdè abínibí ń ti àwọn ọmọ lójú, pé Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọkàn wọn. A kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àlàyé náà kò tó, nítorí pé ó gbà láìwádìí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń yan iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí a bá wo bí nǹkan ṣe ń lọ fínnífínní, a ó rí i pé ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, yíyàn ti parí kí fọ́ọ̀mù tó dé ọwọ́ ọmọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí ohun tí ìwé wí. Nínú ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe tún un ṣe ní 1981, èdè Nàìjíríà kan wà lára àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Orí ìwé ni a ń wí o. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sọ pé òun kò ní olùkọ́ kò rí ẹni bi í léèrè. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 2011, orí ìwé pàápàá yí padà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó di dandan: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú, àti iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò kan. Èdè Nàìjíríà bọ́ sí ààrin àwọn tí ẹni tí ó bá wù lè mú.

Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ pé kò sí àyè. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ ọ́, àwọn òbí ń sọ ọ́, àwa náà sì ti ń gbà á bí ẹni pé òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wò ó. Iṣẹ́ mẹ́jọ ni WAEC fẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ. Lábẹ́ ètò 2011, bí a bá yọ mẹ́rin tí ó jẹ́ dandan kúrò nínú mẹ́sàn-án, ó ku márùn-ún. Ọmọ tí ó ń fojú sọ́nà láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yóò mú físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì. Ó ku méjì. Kí ni wọ́n ń fi dí àlàfo méjèèjì? Jọ́gíráfì ni, tàbí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé, tàbí ìṣirò onípele gíga.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé kan àwọn tí ń sọ pé yunifásítì kò béèrè Yorùbá lọ́wọ́ ẹni tí yóò di dókítà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ìdánwò JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe. Kírẹ́díìtì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí àti ìṣirò ni yunifásítì yóò wò. Ṣùgbọ́n a kò rí ibi tí wọ́n ti béèrè jọ́gíráfì lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì rí ibi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí àìbéèrè bá jẹ́ ìdí tí a fi lé Yorùbá jáde, kí ló dé tí kò lé àwọn yòókù? Ìṣirò onípele gíga nìkan ni a lè gbèjà rẹ̀ dáadáa, fún ẹni tí yóò bá ṣe ẹnjiníà. Àwọn tí ó kù, àṣà ni ó gbé wọn síbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ti pè wọ́n ní iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì ti parí.

Ti ẹ̀ka áàtì ni ó tilẹ̀ yà wá lẹ́nu jù. Bí ọmọ tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò bá mú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ ìjọba àti ẹ̀kọ́ ìsìn, iṣẹ́ méjì náà ni ó kù fún un. Ẹ̀ka yunifásítì tí ó ń gba iṣẹ́ áàtì mẹ́ta èyíkéyìí, tàbí tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú mẹ́ta, kò kéré níye, Yorùbá sì wà lára iṣẹ́ tí JAMB ń ṣe ìdánwò fún. Mélòó nínú wa ni ó ti ṣí ìwé ìlànà JAMB rí láti wo èyí? Olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń fi í sílẹ̀ fún, bẹ́ẹ̀ òun náà lè má ṣe Yorùbá rí.

Àtẹ àkókò iṣẹ́ ni ó wá ń ṣe ìyókù. Gbogbo wa ni a mọ bí wọ́n ṣe ń yà á: a ó to àwọn iṣẹ́ tí kò jẹ́ dandan ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta sí wákàtí kan náà, kí ọmọ mú ọ̀kan níbẹ̀. Bí a bá fi Yorùbá kọjú sí físíìsì, kò sí ọmọ sáyẹ́ǹsì kankan tí ó lè ṣe é mọ́, ìbáà wù ú bí ẹ̀mí rẹ̀. Bí a bá fi kọjú sí lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń lọ sí ìmọ̀ òfin ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo tí ó jókòó ti rúlà àti bébà ní ọ́fíìsì igbákejì ọ̀gá ti yan iṣẹ́ fún odidi kíláàsì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fún ọmọ ní fọ́ọ̀mù pé kí ó kọ ohun tí ó wù ú.

Àwọn tí èyí kù fún wa ni àwọn tí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kọ̀, tí ẹ̀ka ìṣòwò kò sì gbà. A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ púpọ̀ nínú wọn ní làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti sọ fún pé ibi tí ó wà ni ibi tí a ń kó àwọn tí kò mọ ìṣirò sí, ọwọ́ wo ni a fẹ́ kí ó fi mú iṣẹ́ náà?

Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí a ti ń wá ọmọ sí kíláàsì, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń polówó ni pé Yorùbá rọrùn, pé ẹni tí ó bá ń sọ ọ́ nílé kò lè fìdí rẹmi. Ọmọ tí ó gbà wá gbọ́ yóò wọlé, yóò sì bá fóníìmù, ìpajẹ àti àrànmọ́ pàdé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ tí ó ní ọpọlọ, tí ó ń wá ohun tí yóò mú òun ronú, ti gbọ́ pé ó rọrùn, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ìpolówó kan náà ni ó tan ti àkọ́kọ́, tí ó sì lé ti èkejì.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó rọrùn nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́. Ohùn àárín ni ó wà lórí "kọ". Bí ó bá pàdé "ìwé", fáwẹ̀lì ì pajẹ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Orí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó bọ́ sí, ó sì di "kọ̀wé". Ẹ wá mú "kọ́", tí ó ní ohùn òkè, kí ó pàdé "ilé". Fáwẹ̀lì i pajẹ, ohùn àárín rẹ̀ sì pòórá láìfi àpá sílẹ̀: "kọ́lé". Kí "kọ́" yìí kan náà pàdé "ẹ̀kọ́" ńkọ́? Lọ́tẹ̀ yìí, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó pajẹ. Ohùn òkè dúró, kò sì fi àyè gba ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì kan náà. Ohùn ìsàlẹ̀ kò gbà láti kú. Ó sún síwájú, fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e sì gùn kí ó lè gbà á: "kẹ́kọ̀ọ́". Inú orúkọ tí a ń pe ọmọ náà gan-an, "akẹ́kọ̀ọ́", ni ìṣòro yìí wà. Kí ló dé tí ohùn àárín ń parẹ́ tí ohùn ìsàlẹ̀ kì í fẹ́ parẹ́? Ẹ fi ìbéèrè yìí síwájú ọmọ tí ó fẹ́ràn kẹ́mísìrì, kí ẹ ní kí ó kó ogún ọ̀rọ̀ mìíràn jọ láti fi dán an wò, kí ó sì wá èyí tí kò bá òfin mu. Irú iṣẹ́ tí olùkọ́ físíìsì ń gbé fún un náà nìyẹn.

Ohun tí àwa ń ṣe dípò èyí ni pé a ń pe oríkì ìpajẹ fún un láti dà kọ, pẹ̀lú àpẹẹrẹ mẹ́rin. Bí ìbéèrè ìdánwò bá sì jẹ́ "Kí ni ìpajẹ? Fi àpẹẹrẹ mẹ́rin gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀," ẹni tí ó há a sórí àti ẹni tí ó yé yóò gba máàkì kan náà. Ẹ̀yin olùdánwò mọ̀ pé ó rọrùn láti máàkì irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bóyá ìdí tí ó fi pẹ́ láàárín wa nìyẹn.

Àwọn kan lè sọ pé ariwo yìí ti pọ̀ jù, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé wa tí ó dára jù kò fi dandan ka Yorùbá. Wọn yóò mẹ́nu kan Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó jẹ́ pé Faransé ni ó kà gba oyè àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dé yunifásítì pẹ̀lú Yorùbá lẹ́nu àti lọ́wọ́. Ohun tí a ń jà fún nìyẹn gan-an. A kò ní kí gbogbo ọmọ lọ gba oyè nínú Yorùbá; à ń sọ pé kí ẹni tí yóò di dókítà tàbí agbẹjọ́rò má ṣe fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti gba ọ̀nà òfin. Ní 2018, gómìnà ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí òfin tí ó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Inú wa dùn sí i. Síbẹ̀, òfin kì í ya àtẹ àkókò iṣẹ́, òfin kì í sì í ṣètò ìbéèrè ìdánwò.

Ìparí sáà kẹta ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń ya àtẹ ọdún tí ń bọ̀. Kí olùkọ́ Yorùbá wà ní ìpàdé náà, ìbáà jẹ́ pé wọn kò pè é. Kí ó mú ìwé ìlànà JAMB dání, kí ó sì béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi kọjú sí Yorùbá kí rúlà tó kan bébà.