Gbèsè tí Ẹni tí a Ṣẹ̀ San: Àyẹ̀wò Fíìmù The Imam and the Pastor

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n tún ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òwe méjèèjì yìí ni fíìmù The Imam and the Pastor, tí Alan Channer darí, tí ó sì jáde ní ọdún 2006, dán wò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ìlú Kàdúná ni orísun ìtàn náà. Kì í ṣe àròsọ.

Kókó ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992, ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Zangon Kataf ràn dé Kàdúná. James Wuye, tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, àti Muhammad Ashafa, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wà lára àwọn tí ó ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ohun ìjà gbèjà ẹ̀sìn. Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn àti ìbátan rẹ̀ méjì. Olúkúlùkù sì ń wá ọ̀nà àtigbẹ̀san lára ẹnì kejì. Ní ọdún 1995, oníròyìn kan fà wọ́n mọ́ra. Láti inú ìpàdé náà ni iṣẹ́ ìlàjà tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní Kàdúná ti sú yọ.

Ẹwà fíìmù yìí wà nínú bí ó ṣe tọ ipasẹ̀ ìdáríjì. Ashafa kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá tọrọ àforíjì. Ìwàásù ní mọ́ṣáláṣí, nípa bí Ànábì ṣe dárí ji àwọn tí ó ṣe é ní ibi, ni ó yí i lọ́kàn padà. Ní ti Wuye, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwàásù ni ó là á yé e pé ẹni tí ó di kùnrùngbùn kò lè wàásù Kristi. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tán lọ́jọ́ kan. Wuye jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn tí àwọn ti jọ ń ṣiṣẹ́, èrò ẹ̀san ṣì ń wá sí òun lọ́kàn. Ìjẹ́wọ́ yìí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà di ìwàásù lásán.

Àwọn kan lè sọ pé ìdáríjì tí kò béèrè ohunkóhun ń sọ ìwà ìkà di yẹpẹrẹ. Àríwísí náà nídìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò nínú Àdúrà Olúwa: gbèsè ni ó pe ẹ̀ṣẹ̀. Bí olówó bá dárí gbèsè ji ẹni tí ó jẹ ẹ́, àdánù náà kò parẹ́. Olówó ni ó rù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ Kìrìsìtẹ́nì rí. Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ ni ó san gbèsè, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ wá ènìyàn kàn láti bá a làjà. Kí ọmọ onínàákúnàá tó la ẹnu bẹ̀bẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti sáré lọ dì mọ́ ọn.

Ibí yìí ni òwe kejì ti kọsẹ̀. Wuye kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ àná. Láràárọ̀ ni ọwọ́ tí kò sí mọ́ ń rán an létí. Ìdáríjì tirẹ̀ kì í ṣe ìgbàgbé. Ìrántí tí a ti yọ oró kúrò nínú rẹ̀ ni.

Àbùkù fíìmù náà kò ṣe é fi pamọ́. Ẹnu àwọn akọni méjèèjì ni ọ̀pọ̀ jùlọ ìtàn náà ti jáde. Àwọn opó àti òbí tí ọmọ wọn kò padà wálé kò rí àyè tó láti sọ bóyá àwọn náà ti dárí jì. Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan kì í bá ẹlòmíràn dárí jì. Ẹni tí ó ni ọgbẹ́ ni ó ni ọ̀rọ̀. Kàdúná fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2000 lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà, ó tún bẹ́ ní 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó lọ sí apá ìlú tí àwọn ẹlẹ́sìn tiwọn pọ̀ sí. Ìlàjà ènìyàn méjì kì í ṣe ìlàjà ìlú. Fíìmù náà tẹ̀ lé wọn dé Yelwa ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ìpànìyàn ti wáyé ní 2004, ṣùgbọ́n apá yìí ìbá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, iṣẹ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wò ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: òótọ́ ni, nítorí ajigbèsè ni kóòtù ń pàṣẹ fún pé kí ó san. Níbi tí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti gbà láti ru àdánù náà, ọ̀rẹ́ lè hù.