Bàtà Básíkẹ́ẹ̀tì Àtijọ́ fún Ìrìn Ojoojúmọ́

Ẹni tó bá mọ bàtà yàn kì í kọ́kọ́ wo àmì ara rẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ ló máa ń yí wò. Nínú àwọn bàtà básíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹnu wọn kò bo ọrùn ẹsẹ̀, méjì ni mo kà sí ọ̀gá. Puma Clyde jáde ní 1973. Orúkọ ìnagijẹ Walt Frazier, agbábọ́ọ̀lù New York Knicks, ni wọ́n fi pè é. Gbajúmọ̀ ọkùnrin ni Frazier, ó mọ oge ṣe, súẹ̀dì tí wọ́n fi ṣe bàtà yìí ló sì yẹ ẹ́. Bàtà náà rọ̀, ó bá ṣòkòtò mu, àmọ́ omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ará Èkó tó fẹ́ rà á lásìkò òjò, kó tún inú rò.

Adidas Superstar lèmi máa mú. Awọ ni ara rẹ̀, rọ́bà líle bí ìkarahun sì bo iwájú, kí ìka ẹsẹ̀ má baà jìyà. Kareem Abdul-Jabbar wọ̀ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Run-DMC, àwọn olórin Queens, wọ̀ ọ́ dé orí ìtàgé láìfi okùn sí i. Oge nìyẹn o. Ẹ̀yin, ẹ so okùn yín.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ń lò, ẹ dìde, ẹ rìn. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ tàbí tí ìka ń kan iwájú, ẹ dá a padà. Ọjà àti ọ́fíìsì ni bàtà wọ̀nyí wà fún. Ẹni tó fẹ́ sáré ìje, kó ra bàtà eré ìje.