Níbo ni Jùjú Wà?

Olówógbowó, níbi tí àwọn Sàró tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó, ni Túndé King ti gbé orin rẹ̀ dìde. Ó ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone ní 1936. Bí a bá tú ẹgbẹ́ olórin bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kí ni a ó bá níbẹ̀? Gìtá-bánjò tí ó ti òkè òkun wá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí a bá nílẹ̀, àti tanboríìnì tí àwọn onígbàgbọ́ ń lù. Orin jùjú kò sí nínú ọ̀kankan wọn. (Àwọn kan a máa pe tanboríìnì náà ní jùjú, ṣùgbọ́n orúkọ nìyẹn, kì í ṣe orin.)

Ní 1875 ni George Henry Lewes, amòye ará Ìlú Ọba, ti wá orúkọ fún irú àbùdá báyìí, èyí tí ó hù láti inú àpapọ̀ tí a kò sì bá lára ẹ̀yà kankan. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Bí a bá kó gbogbo ohun èlò náà sórí òṣùwọ̀n, kò sí ọ̀kan tí ó dá wúwo tó àpapọ̀ wọn. Ìṣirò lásán nìyẹn, nǹkan kan kò hù. Àwọn mìíràn ní ohun tí ó bá yani lẹ́nu ni ó hù. Èmi kò gbà. Ọkàn olùgbọ́ ni ìyàlẹ́nu wà. Ògbólógbòó onílù mọ ohun tí yóò jáde kí ó tó gbé ọwọ́ sókè, orin náà a sì hù síbẹ̀.

Ní tèmi, bí ọ̀kan ṣe ń dá tí èkejì ń gbè ni kí a wò. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 1948, gángan ti wọ inú jùjú. Gìtá oníná sì gba ipò bánjò lẹ́yìn náà. Ohun èlò yí padà, jùjú kò lọ. Ẹ wá kó ohun èlò King gan-an fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ: orin ìsìn ni wọn yóò fi ṣe.

Ìbéèrè kan ṣòro fún mi. Ǹjẹ́ ohun tí King ṣe àti ohun tí King Sunny Adé ṣe nínú àwo *Juju Music* ní 1982, pẹ̀lú ọ̀wọ́ onílù àti onígìtá rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan náà ní tòótọ́? Bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni ó ṣẹ́kù, àbá mi ti wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú méjèèjì: ohùn ń dá, gìtá ń fèsì, ìlù sì ń dí àlàfo tí àwọn méjèèjì fi sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá jiyàn.