"Dìbò Kí O Sebẹ̀": Àtúpalẹ̀ Gbólóhùn Kan Nínú Ìjà fún Ìbò Tí Kò Ní Èrú

Ìfáàrà

Ní àkókò ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ó wáyé ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 2018, gbólóhùn kékeré kan gba ẹnu tọmọdé tàgbà: "Dìbò kí o sebẹ̀." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ó bá tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń náwó yóò rí owó gbà, yóò sì fi se ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ òṣèlú àti àwọn amòfin ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìwà yìí. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni gbólóhùn náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ọnà-èdè. Èrò wa ni pé ó ràn nítorí pé Yorùbá tó dáńtọ́ ni, àti pé àwọn aráàlú tí ń jà fún ìbò tí kò ní èrú gbọ́dọ̀ wá èdè tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ láti fi dá a lóhùn.

Ìhun Gbólóhùn Náà

Olórí awẹ́ gbólóhùn ni "dìbò"; awẹ́ gbólóhùn afarahẹ ni "kí o sebẹ̀", níbi tí "kí" ti ń tọ́ka sí èrèdí. Ní ti ìró, "dìbò" àti "sebẹ̀" ní sílébù méjì-méjì. Sílébù tí ó gbẹ̀yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì /b/, ó sì gba ohùn ìsàlẹ̀. Èyí ni ó mú kí ó dùn ún pè, kí ó sì rọrùn láti rántí.

Ṣùgbọ́n ohun tí gbólóhùn náà fi pamọ́ pọ̀. Ìwọ ni o dìbò, ìwọ náà ni o sebẹ̀. Ẹni tí ó mú owó wá kò sí níbẹ̀ rárá. Kò sí "rà", kò sí "tà". Bí ìtìjú bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orí ẹni tí ebi ń pa ni yóò já lé. Ẹ̀wẹ̀, Yorùbá ti ní orúkọ fún irú owó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀ ni. Gbólóhùn yìí gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kúrò, ó fi ọbẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ta ni yóò bá ìyá ọlọ́mọ wí pé ó se ọbẹ̀? Àwọn àgbà sì ti ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó tún fi gígùn àkókò pamọ́: ọbẹ̀ kì í pẹ́ tán nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ọdún 4 ni gómìnà yóò lò lórí àlééfà.

Ìbò Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Tí A Dì Sọ́wọ́

Kí ìdìbò ìjọba tó dé ni ọ̀rọ̀ náà "ìbò" ti wà lẹ́nu àwọn babaláwo. Bí ẹni tí ó wá dá Ifá bá fẹ́ mọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", yóò mú owó ẹyọ àti egungun, yóò pa wọ́n dà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, yóò sì dì wọ́n síkùn ọwọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Babaláwo kò mọ ọwọ́ tí èyíkéyìí wà. Ifá ni yóò mú ọwọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ọwọ́ náà ní gbangba. Àìmọ̀ babaláwo ni kò jẹ́ kí ó lè darí èsì. Ṣíṣí ọwọ́ náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sẹ́ ẹ.

Ohun méjì tí ìdìbò òde òní ń béèrè náà nìyí: kí yíyàn wà ní ìkọ̀kọ̀, kí kíkà sì wà ní gbangba. Ẹni tí ń ra ìbò yí méjèèjì padà. Ó fẹ́ kí olùdìbò fi ìwé ìdìbò han aṣojú ẹgbẹ́, tàbí kí ó fi fóònù yà á. Ìdí nìyí tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, fi kéde ṣáájú ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú fóònù dé ibi kọ́lọ́fín tí a ti ń tẹ̀ka.

Ní ti kíkà ní gbangba, àwọn aráàlú ti sa ipá wọn. Àkójọpọ̀ ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Transition Monitoring Group ti ń ṣọ́ ìbò láti ìgbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1998. Ní ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, ẹgbẹ́ Yiaga Africa yan ibùdó ìdìbò 1,507 láìṣe ojúsàájú, àwọn olùṣọ́ wọn sì fi èsì ibẹ̀ ránṣẹ́ láti fi yẹ èyí tí INEC kéde wò. Wọ́n rí i pé èsì tí a kéde fún ìpínlẹ̀ Rivers àti Imo kò bá ti wọn mu. Nínú ìdìbò kan náà, èsì kò tètè hàn lórí IReV, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí INEC ṣèlérí pé òun yóò gbé wọn sí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023 pé ìyẹn kò tó láti fagi lé ìdìbò náà. Bí òfin ṣe rí i nìyẹn. Ní ojú àṣà tí a mẹ́nu bà lókè, ọwọ́ tí a kò tètè ṣí ń fa ìfura.

Èdè Àwọn Ajàfẹ́tọ̀ọ́

Àléébù tí a rí lára ìpolongo àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ èdè òfin tàbí èdè ìtumọ̀. "Títa ìbò lòdì sí òfin" kì í ṣe irọ́: òfin ìdìbò ọdún 2022 la owó ìtanràn ₦500,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì, sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà àti ẹni tí ó tà. "Ìbò rẹ ni ohùn rẹ" náà kò burú, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ronú nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó dé ìdí ààrò nínú méjèèjì.

Ẹnìkan lè jiyàn pé òṣì ni ó ń ta ìbò, pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè wo òṣì sàn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, òṣì ti wà kí ọdún 2018 tó dé. Iṣẹ́ tí gbólóhùn yìí ṣe ni pé ó bọ́ ìtìjú kúrò lára ìwà náà. Ohun tí èdè sì bọ́ kúrò, èdè lè dá a padà. Kí a pe owó náà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí a dá olùwà tí ó sá pamọ́ padà sínú gbólóhùn: "Ta ni ó fún ọ lówó ọbẹ̀, kí ni yóò sì gbà padà?" Kí a rán olùdìbò létí pé dídì ni à ń di ìbò.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ju bí a ti rò lọ, nítorí pé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni INEC ti ń mú nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò àti àwọn tí ń ṣàkójọ èsì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 nítorí èsì ìbò ọdún 2019 tí ó yí padà. A dábàá pé kí olùkọ́ Yorùbá mú "dìbò kí o sebẹ̀" wọ kíláàsì gírámà àti ti lítíréṣọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn wá ẹni tí gbólóhùn náà fi pamọ́. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n wá nínú gbólóhùn lè bi í léèrè ní ibùdó ìdìbò.