Ọjà Kọ́ Ló Lé Coyotes Lọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn asọ̀rọ̀ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ti sọ títí tó fi fẹ́ di òwe: pé kò sẹ́ni tó lè gbé họ́kì orí yìnyín lọ sí aṣálẹ̀ kó jèrè. Nígbà tí ikọ̀ Arizona Coyotes palẹ̀ mọ́ ní agbègbè Phoenix lóṣù Kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n kó lọ sí Salt Lake City ní ìpínlẹ̀ Utah, ṣe ni wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí?" Mo ní ká tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, torí ó dùn létí ju bó ṣe jẹ́ òótọ́ lọ.

Nínú bọ́ọ̀lù tí àwa ń wò, ikọ̀ tó bá ń fìdí rẹmi á já sí ìpele ìsàlẹ̀, àmọ́ ìlú rẹ̀ náà ni yóò wà. Ní NHL, líìgì họ́kì wọn, kò sí jíjá. Bí ìsọ̀ ni ikọ̀ rí: ẹni tó ni ín lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Bí Coyotes ṣe dé Phoenix lọ́dún 1996 nìyẹn. Winnipeg ní Kánádà ni wọ́n ti kó wá, níbi tí òtútù ti ń mú bí abẹ. Ṣé yìnyín ló wọ́n ní Winnipeg ni? Owó ni.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Phoenix? Gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ tí wọ́n lò, ti basketball ni. Àwọn àga kan wà níbẹ̀ tí èèyàn á jókòó sí tí kò ní rí gbogbo ojú yìnyín. Lóṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n kó lọ sí Glendale, ní ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn, apá ìlà oòrùn ni wọ́n ń gbé, ní Scottsdale àti àyíká rẹ̀. Lọ́dún 2009, gbèsè gbé ikọ̀ dé ilé-ẹjọ́. Olówó Kánádà kan, Jim Balsillie, fẹ́ rà á lọ sí Hamilton. Ilé-ẹjọ́ kò gbà, líìgì fúnra rẹ̀ ló rà á ní 140 mílíọ̀nù dọ́là. Kí ikọ̀ má bàa lọ, Glendale san 25 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan, ó tún san iye kan náà lọ́dún kejì. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lọ́dún 2015, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò láti fagi lé àdéhùn. Nígbà tó di 2021, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ni Coyotes bá lọ forí pamọ́ sí gbọ̀ngàn yunifásítì kan ní Tempe, tí kò gbà ju nǹkan bí 4,600 èèyàn lọ.

Mi ò ní gbè sẹ́yìn ọjà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Sáà 2011 sí 2012 ni Coyotes ṣe dáadáa jù, wọ́n dé àṣekágbá apá Ìwọ̀ Oòrùn líìgì náà, síbẹ̀ àwọn ló gbẹ́yìn nínú iye òǹwòran. Ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo sáà náà dáadáa: líìgì ṣì ló ń dá ikọ̀ náà bọ́, ojoojúmọ́ la sì ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó lọ. Ta ló máa sanwó sáà gbáko sílẹ̀ fún ìsọ̀ tí kò mọ ibi tóun máa wà lọ́dún tó ń bọ̀?

Bó bá jẹ́ aṣálẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, kí ni ká sọ nípa Las Vegas? Aṣálẹ̀ nìyẹn náà. Lọ́dún 2017 ni Golden Knights bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tuntun láàárín ibi tí èrò ń wọ́ sí. Nígbà tó di 2023, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Stanley Cup. Tampa, ní Florida olóòru, gba tiwọn ní 2004, 2020 àti 2021. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ní tí Phoenix ò ní ni ilé tó dúró àti olówó tó dúró.

Àwọn kan á ní ará Tempe fúnra wọn ló dìbò kọ̀ ọ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023. Họ́kì kọ́ ni wọ́n dìbò lé lórí o. Ohun tó wà nínú ìwé ìdìbò ni iṣẹ́ ilé ńláńlá tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là, lórí ilẹ̀ tí ìlú ń da pàǹtí sí, pẹ̀lú ìdẹ̀kùn owó orí. Èèyàn lè fẹ́ràn ikọ̀ kan kó má fẹ́ irú ìyẹn.

Ohun tó sì ká mi lára jù ni àwọn ọmọdé. Scottsdale ni Auston Matthews dàgbà sí, Coyotes ló ń wò láti kékeré, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NHL lọ́dún 2016. Aṣálẹ̀ tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣé a lè ní kò gba họ́kì? Bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n san lórí ikọ̀ náà nígbà tó ń lọ sí Utah. Ọjà kú, ẹ ní, àmọ́ ẹni tó ni ìsọ̀ kò kó àdánù lọ sílé. Àwọn tó kó àdánù ni àwọn ọmọ tó ra aṣọ ikọ̀ náà, tí wọ́n ń kọ́ yíyọ̀ lórí yìnyín nínú oòrùn Arizona.

Torí náà, nígbà míì tí wọ́n bá ní ikọ̀ kan kò lè rọ́wọ́ mú nílùú kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló ni ilé, ta ló ni gbèsè, ọdún mélòó sì ni wọ́n fún ìlú náà láìdẹ́rù bà á?